ÀÌRÌNPỌ̀ EJÒ: Ìtàn Eré Ìdárayá Àjùmọ̀ṣe àti Ìtọ́jú Ara Ẹni Láàárín Àwọn Tí A Pààrọ̀ Ẹ̀yà Ara Fún



1. Ìfáàrà

Ẹnu lè ya àwọn kan nínú yín pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ dìde láti sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó jọ ti àwọn oníṣègùn. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ìtàn ni a ń yẹ̀ wò ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí: bí a ti ń sọ ọ́, ẹni tí a fi ń ṣe akọni inú rẹ̀, àti ẹni tí a ń gbàgbé sẹ́yìn. Ìtàn pípààrọ̀ ẹ̀yà ara jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìtàn ńlá ọ̀rúndún ogún, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni a sábà máa ń sọ. Ìdajì yìí ni mo pè ní ìtàn ọ̀bẹ: dókítà oníṣẹ́-abẹ tí ó láyà, ilé-ìwòsàn tí ó lókìkí, àwòrán nínú ìwé ìròyìn, àti ẹ̀bùn Nobel. Ìdajì kejì ni mo pè ní ìtàn ẹsẹ̀. Òun ni ìtàn ohun tí ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún ń ṣe ní ọdún kejì, ní ọdún kẹwàá, àti ní ogún ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí àwọn oníròyìn ti lọ sí ilé wọn: bí ó ti ń jí, tí ó ń lo oògùn rẹ̀, tí ó ń gun orí ìwọ̀n, tí ó ń wọ bàtà rẹ̀, tí ó sì ń jáde lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn.

Àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn lónìí ni pé, bí ọ̀bẹ ti ṣe pàtàkì tó, ìrìnpọ̀ ni ó sọ ẹ̀mí tí ọ̀bẹ gbà là di ìgbé-ayé.

2. Ibùsùn, Àga àti Ìwé Àkọsílẹ̀

Bí a bá fẹ́ mọ orísun ọ̀rọ̀ yìí, ìlú Boston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ó kọ́kọ́ lọ. Ní ọdún 1905, dókítà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Joseph Pratt kó àwọn tálákà tí wọ́n ní ikọ́ ẹ̀gbẹ jọ níbẹ̀, àwọn tí wọn kò lówó tí wọ́n fi lè lọ gbé ní ilé ìtọ́jú olówó ńlá. Ó ń pè wọ́n jọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ẹni ń pe kíláàsì. Olúkúlùkù ní ìwé pélébé kan tí ó ń kọ ìṣe ọjọ́ rẹ̀ sí: bí ara rẹ̀ ti gbóná tó, ohun tí ó jẹ, wákàtí tí ó fi sinmi. Ní ọjọ́ ìpàdé wọn a gbé ìwé wá, wọn a wọ̀n, ẹni tí ó bá sì sanra díẹ̀ sí i a di ìwúrí fún àwọn ìyókù. Òótọ́ ni pé ìsinmi ni Pratt ń kọ́ wọn, kì í ṣe eré ìdárayá. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì tí a ó máa bá pàdé títí dé òpin ìtàn yìí ti wà níbẹ̀ ná: ẹgbẹ́ àwọn tí ìyà kan náà ń jẹ, àti ìwé tí aláìsàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Ní ti ìsinmi, ó pẹ́ kí àwọn oníṣègùn tó yí ọkàn padà. Títí di ìdajì ọ̀rúndún ogún, ẹni tí àìsàn ọkàn bá kọlù, ibùsùn ni wọ́n ń dè é mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. A kì í jẹ́ kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ jẹun. Ní ọdún 1952, Samuel Levine àti Bernard Lown, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Ilé-Ìwòsàn Peter Bent Brigham ní Boston kan náà, kéde pé àwọn gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ 81 kúrò lórí ibùsùn sórí àga ní kíákíá, tí ó sì ṣe wọ́n lóore. Lónìí, kí ènìyàn jókòó sórí àga kò jọ nǹkan bàbàrà. Nígbà náà, ìdìtẹ̀ gbáà ni.

Ní ọdún 1951, ìyẹn ọdún kan ṣáájú ọ̀rọ̀ àga yìí, àwọn mẹ́rin tí Dókítà Dwight Harken ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún ní Boston dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Mended Hearts. Iṣẹ́ wọn ni láti máa lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ẹni tí a fẹ́ la àyà rẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó fi ojú rí ẹni tí ó ti gba ọ̀nà yẹn kọjá tí ó sì ń rìn. Dókítà lè sọ pé, 'Ìwọ yóò yè.' Ẹni tí ó yè nìkan ni ó lè sọ pé, 'Èmi rèé.'

3. Ìtàn Ọ̀bẹ ní Ṣókí

Ilé-ìwòsàn Peter Bent Brigham yìí náà ni ohun ńlá náà ti ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1954. Joseph Murray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ kíndìnrín kan lára Ronald Herrick, wọ́n sì fi í sínú Richard, ìkejì rẹ̀. Àwa tí a jẹ́ Yorùbá mọ ohun tí ìbejì jẹ́. Àwọn méjèèjì yìí jọra débi pé ara Richard kò mọ̀ pé àlejò ni ó wọlé. Ó gbà á bí ẹni gba ọmọ ilé. Richard fi ọdún mẹ́jọ sí i láyé, ó gbéyàwó, ó sì bímọ. Ronald tí ó fi tirẹ̀ tọrẹ wà láyé títí di ọdún 2010. Murray gba ẹ̀bùn Nobel ní 1990.

Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn kọ́ ni ó ní ìkejì. Ara a máa bá ẹ̀yà ara àjèjì jà, bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlú ti ń bá ọ̀tá jà, oògùn tí yóò sì pẹ̀tù sí wọn nínú láìjẹ́ pé ó sọ ìlú di ahoro ṣòro láti rí. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1967, Christiaan Barnard pààrọ̀ ọkàn fún Louis Washkansky ní Ilé-Ìwòsàn Groote Schuur ní Cape Town, ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí. Ọkàn náà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àrùn ẹ̀dọ̀fóró wọlé sí ara tí oògùn ti gba ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀, ọkùnrin náà sì kú lẹ́yìn ọjọ́ 18. Philip Blaiberg tí ó tẹ̀ lé e ní oṣù Kìíní 1968 lo ju ọdún kan àbọ̀ lọ. Ní 1968 yẹn, ó ju ọgọ́rùn-ún ọkàn lọ tí a pààrọ̀ káàkiri ayé. Àwọn tí ó pọ̀ jù kú kíákíá, ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn sì káwọ́ kúrò níbẹ̀. Norman Shumway ní Yunifásítì Stanford wà lára àwọn díẹ̀ tí kò jáwọ́.

Ohun tí ó yí nǹkan padà ti inú erùpẹ̀ wá. Olú wẹ́wẹ́ kan tí a rí nínú erùpẹ̀ ilẹ̀ Norway ni a ti rí oògùn cyclosporine. Jean-François Borel gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1976, Roy Calne lò ó fún ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1978, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 1983. Láti ìgbà náà ni iye àwọn tí ń yè ti pọ̀ sí i gidigidi. Níbi tí ìtàn ọ̀bẹ ti máa ń parí nìyí. Níbẹ̀ ni tiwa ti bẹ̀rẹ̀.

4. Ọkàn Tí Kò Gbọ́ Àṣẹ

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ẹni tí ó yè bọ́ gbé lọ sí ilé. Àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti jẹ ẹran itan àti ti apá rẹ̀ kí ó tó dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Lára oògùn tí ó gbọ́dọ̀ máa lò ni èyí tí ń sọ iṣan di ọ̀lẹ, tí ń mú kí egungun fúyẹ́, tí ń fa ìsanrajù àti àtọ̀gbẹ. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jókòó sójú kan, yóò ní ẹ̀yà ara tuntun nínú ara tí ń gbó síwájú ọjọ́. Eré ìdárayá ni ohun tí ó lè bá èyí jà.

Ti ẹni tí a pààrọ̀ ọkàn fún tún yàtọ̀. Nígbà tí a bá gé ọkàn kúrò lára olówó rẹ̀, a gé e kúrò lára àwọn iṣan ìmọ̀lára tí ọpọlọ fi ń pàṣẹ fún un. Nínú ara tuntun, ọkàn náà ń lù fúnra rẹ̀. Nígbà ìsinmi, ó ń lù yára ju ti ẹlòmíràn lọ, nítorí kò sí ìjánu tí yóò dá a dúró. Bí olówó rẹ̀ bá dìde rìn, ọkàn kì í tètè mọ̀. Ó di ìgbà tí èròjà ìtaníjí tí ara ń dà sínú ẹ̀jẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ó tó yára sí i. Bí olówó rẹ̀ bá sì dúró, ọkàn náà ń sáré lọ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé ìrìn ti parí. Àyà tí ń ro èèyàn, èyí tí í fi ewu han ẹlòmíràn, lè má ro ó rárá. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́ irú wọn láti máa bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì máa parí díẹ̀díẹ̀.

Báwo wá ni a ó ti mọ̀ pé ó ti tó? Kíka ìlù ọkàn lọ́rùn ọwọ́ kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí ọkàn yìí kì í sọ òótọ́ lásìkò. Ohun tí wọ́n lò ni òṣùwọ̀n tí Gunnar Borg, ará Sweden, ti ṣe, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí 6 títí dé 20. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó wà lára nọ́ńbà wọ̀nyí: ó fúyẹ́, ó le díẹ̀, ó le, ó le gan-an. Aláìsàn ni yóò sọ èyí tí ó bá ohun tí ara rẹ̀ ń rò mu. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀, ẹ fiyè sí èyí. Ní ibi tí ìmọ̀ ìṣègùn ti ga dé ojú òpin, tí a ti lè gbé ọkàn kúrò nínú àyà kan sínú àyà mìíràn, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ń rìn ni dókítà padà wá gbára lé. Irinṣẹ́ ni èdè jẹ́ níbí, kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

5. Láti Portsmouth dé Dresden

Ní ọdún 1978, Maurice Slapak, dókítà oníṣẹ́-abẹ ní ìlú Portsmouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pe àwọn tí a pààrọ̀ ẹ̀yà ara fún wá díje nínú eré ìdárayá. Ó tó bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó wá, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, Faransé, Jámánì, Gíríìsì àti Amẹ́ríkà. Ẹ rántí pé cyclosporine kò tíì jáde sí ọjà nígbà náà. Ìlérí méjì ni eré náà gbé lọ́wọ́: kí ẹni tí ó sáré mọ̀ pé òun kì í ṣe aláìsàn mọ́, kí ẹni tí ó ń wòran sì rí ohun tí ẹ̀bùn ẹ̀yà ara lè ṣe, kí òun náà lè fi tirẹ̀ tọrẹ.

Eré náà gbilẹ̀. A dá àjọ àgbáyé tí ń bójú tó o sílẹ̀ ní 1987. Ní 2013, ó dé Durban ní South Africa, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ó wá sí Áfíríkà. Ti 2021 tí ó yẹ kí ó wáyé ní Houston kò ṣeé ṣe nítorí àrùn Kòrónà, ṣùgbọ́n Perth gbà á lálejò ní 2023, Dresden sì gbà á ní 2025.

Ṣùgbọ́n eré ọlọ́dún kọ́ ni ó ń mú ara le. Ìrìn ojoojúmọ́ ni. Ní Toronto, Terence Kavanagh ti mú àwọn tí àìsàn ọkàn kọlù lọ sá ìje Boston ní 1973, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìpànìyàn ni. Nígbà tí ó yá, ó yíjú sí àwọn tí Magdi Yacoub pààrọ̀ ọkàn fún ní Harefield, nítòsí London. Yacoub yìí ni ó wá sí Enugu ní 1974, nígbà tí a kọ́kọ́ ṣí ọkàn ṣe iṣẹ́ abẹ ní Nàìjíríà. Ọkùnrin 36 ni Kavanagh fi ìrìn àti eré sísá díẹ̀díẹ̀ tọ́jú fún bí oṣù 16. Nígbà tí ó kéde àbájáde rẹ̀ ní 1988, èémí wọn ti gùn sí i, ìlù ọkàn wọn nígbà ìsinmi ti rọlẹ̀, ẹran ara wọn sì ti padà. Ní 1985 ẹni tí a pààrọ̀ ọkàn fún ti sá ìje Boston náà parí, ju kìlómítà 42 lọ, ní ìlú kan náà tí Levine àti Lown ti ń bẹ̀bẹ̀ kí a jẹ́ kí aláìsàn jókòó sórí àga.

Ẹ̀rí tí ó túbọ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ tẹ̀ lé e. Ní 1999, Jon Kobashigawa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Los Angeles pín ènìyàn 27 tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ọkàn fún sí ọ̀nà méjì: 14 ṣe eré ìdárayá pẹ̀lú olùtọ́ni fún oṣù mẹ́fà, 13 sì gba ìmọ̀ràn lásán lọ sí ilé. Agbára èémí àwọn ti ìṣáájú fi ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè. Ti àwọn ìyókù fi ìdá 18. Ní 2002, Patricia Painter fi hàn nípa ti kíndìnrín pé eré ìdárayá tí a ṣe ní ilé pàápàá mú agbára èémí àti ti iṣan pọ̀ sí i, bí kò tilẹ̀ dín ọ̀rá ara kù. Kí a má sì sọ àsọdùn: ènìyàn 27 kò pọ̀, agbára ni wọ́n sì wọ̀n, wọn kò wọn gígùn ẹ̀mí.

6. Aláìsàn Di Alákòóso

Ní àwọn ọdún tí ọkàn Slapak ń ro eré rẹ̀, èrò mìíràn ń hù ní ibòmíràn. Ní 1976, Thomas Creer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé pé ọmọ tí ó ní ikọ́ fée lè di alákòóso ìtọ́jú ara rẹ̀. Ní òpin àwọn ọdún 1970, Kate Lorig ní Stanford bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kan fún àwọn tí oríkèé ń ro. Ohun tí ó jẹ́ tuntun níbẹ̀ ni pé àwọn tí àrùn náà ń bá fínra gan-an ni olùkọ́. Nígbà tí ẹ̀kọ́ yìí gbòòrò dé orí àwọn àrùn ọlọ́jọ́ pípẹ́ mìíràn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni a ń fi ṣe é, wákàtí méjì àbọ̀ lọ́sẹ̀ kan. Olúkúlùkù yóò sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe kí ọ̀sẹ̀ tó parí, bíi kí ó rìn yí àdúgbò ká nígbà mẹ́ta, yóò sì padà wá jíhìn fún ẹgbẹ́. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú irú rẹ̀ wọ ilé-ìwòsàn wọn ní 2002.

Fún ẹni tí a pààrọ̀ ẹ̀yà ara fún, ìṣàkóso yìí kì í ṣe àṣàyàn. Oògùn tí ó ń pẹ̀tù sí ẹ̀ṣọ́ ara gbọ́dọ̀ wọlé ní àkókò kan náà lójoojúmọ́ títí ayé ẹ̀yà ara náà. Ẹni tí ó bá fò ó léraléra nítorí pé ara rẹ̀ yá ń ṣílẹ̀kùn fún ogun. Ó ní láti máa kọ ìwọ̀n ìfúnpá rẹ̀ sílẹ̀, kí ó mọ̀ bí ẹsẹ̀ bá ń wú tàbí bí ìtọ̀ bá ń dín kù, kí ó sì tètè lọ rí dókítà bí ibà bá gbé e. Ti àgbo náà wà níbẹ̀. Ní ọdún 2000, àwọn dókítà ní Zurich kéde pé ewéko kan tí a ń pè ní St John's wort, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò láìbéèrè, fa cyclosporine walẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn méjì tí a pààrọ̀ ọkàn fún, ara wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọkàn náà. Ewé kì í ṣe ọ̀tá wa, ṣùgbọ́n ewé ní iṣẹ́ nínú, ohun tí ó bá sì ní iṣẹ́ nínú lè ba iṣẹ́ ẹlòmíràn jẹ́.

Gbogbo èyí wúwo fún ẹnì kan láti dá gbé. Níbi tí ìdárayá àjùmọ̀ṣe ti wúlò nìyí. Ẹni tí ó ti ṣe ọdún mẹ́wàá ń bá ẹni oṣù mẹ́ta rìn. Bí wọ́n ti ń rìn ni wọ́n ń sọ̀rọ̀, nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni ẹ̀kọ́ wà. Bí wọn kò bá sì lè máa sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń rìn, ìrìn náà ti le jù.

7. Ọ̀wẹ̀ àti Àárọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òkèèrè nìkan mọ́. Ní ọdún 2000 ni a kọ́kọ́ pààrọ̀ kíndìnrín ní Nàìjíríà, ní Ilé-Ìwòsàn St Nicholas ní Èkó. Ilé-Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ṣe é ní 2002. Òfin ìlera ti 2014 sì sọ bí a ti gbọ́dọ̀ ṣe é. Àwọn tí ó yè bọ́ ń gbé láàárín wa.

Ṣùgbọ́n kí ni ó ń dúró dè wọ́n ní ilé? Ìfẹ́ ni. Ìyá a ní, 'Jókòó, má dìde.' Àbúrò a gba garawa lọ́wọ́ rẹ̀. Aya tàbí ọkọ a ní kí ó má ti àtẹ̀gùn gòkè. Inú rere ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ibùsùn ọdún 1940 ni, tí a fi aṣọ ìfẹ́ bò. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi iṣẹ́ abẹ wọn pamọ́, kí a má baà máa fi ojú aláàbọ̀ ara wò wọ́n. Ẹni tí ó bá sì fi ara pamọ́ kò lè rí ẹgbẹ́ bá rìn.

Àwọn baba wa ní ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀wẹ̀ ni èkíní: ẹni tí iṣẹ́ bò mọ́lẹ̀ a bẹ àwọn ènìyàn, wọn a wá ṣe é fún un, a sì fún wọn ní oúnjẹ. Àárọ̀ ni èkejì: àwọn ọ̀dọ́ tí agbára wọn dọ́gba a ṣiṣẹ́ ní oko lágbájá lónìí, ní oko tàmẹ̀dù lọ́la, títí yóò fi kárí. Ẹni tí ó fi kíndìnrín rẹ̀ tọrẹ ti ṣe ọ̀wẹ̀ tí oúnjẹ kankan kò tó san. Ìyẹn gan-an ni ó ń wúwo lọ́kàn ẹni tí ó gbà á: gbèsè tí kò ní ọjọ́ sísan. Ẹgbẹ́ ìdárayá ni àárọ̀. Níbẹ̀ ni ẹni tí ó ti gba ohun tí kò lè san padà ti tún di ẹni tí ń fúnni: ó mú ẹni tí ó ń bẹ̀rù jáde sí ojú ọ̀nà lónìí, ẹlòmíràn yóò mú òun jáde lọ́la.

Kò gba owó púpọ̀. Ẹ̀ka ìtọ́jú iṣan àti egungun wà ní àwọn ilé-ìwòsàn ńlá wa. Pápá wà ní yunifásítì. Kí dókítà kọ́kọ́ yẹ olúkúlùkù wò. Kí a pàdé ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú. Kí ẹni tí ó bá ń wúkọ́ dúró sí ilé lọ́jọ́ náà, nítorí ara ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní ohun ìjà. Kí ìwé àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ olúkúlùkù. Kí a sì wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó péye fún òṣùwọ̀n Borg, èyí tí ìyá alátà yóò gbọ́ tí ọkàn rẹ̀ yóò dáhùn. Iṣẹ́ tiwa ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn, a kò sì gbọdọ̀ fi sílẹ̀ fún oníṣègùn nìkan.

8. Ìkádìí

A ti rìn láti kíláàsì Pratt ní 1905, gba orí àga 1952 àti tábìlì iṣẹ́ abẹ 1954, dé pápá Portsmouth ní 1978, a sì ti padà sí ilé. Ohun tí ìtàn náà fi kọ́ wa ni pé ẹ̀yà ara tuntun nílò ara tí ń ṣiṣẹ́, ara tí ń ṣiṣẹ́ nílò ọkàn tí kò bẹ̀rù, ọkàn tí kò bẹ̀rù sì nílò ẹgbẹ́. Bí ẹnì kan bá wà ní ilé yín tí a ti pààrọ̀ ẹ̀yà ara fún, tí dókítà rẹ̀ sì ti ní kí ó máa rìn, ẹ má ṣe sọ fún un pé kí ó jókòó. Ẹ bá a wá bàtà rẹ̀, kí ẹ wọ tiyín, kí ẹ jọ jáde.